Gàárì Tí A Ti Gbàdúrà Lé Lórí

Ẹ má ti ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ ṣí i sílẹ̀ gbayawu, kí ẹni tó bá ń kọjá lọ sí ọjà náà lè gbọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti jẹrà nínú mi. Àwọn dókítà ní kíndìnrín ló ń pa mí lọ. Ẹ fi kíndìnrín sílẹ̀ fún wọn, iṣẹ́ wọn ni. Èmi Ẹkúndayọ̀, alàgbà ìjọ, ẹni tí gbogbo Ọ̀sì ń pè ní Bàbá Alágogo, ni mo ránṣẹ́ pè yín, kì í ṣe dókítà. Keziah, ìyàwó àbúrò mi, jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Wòlíì, ẹ má tíì ṣí Bíbélì yín, ẹ máa tó rí ohun tí ẹ máa kà fún mi. Issa, o ṣeun tí o wá. Ìwọ náà, Alameen ọmọ Dáúdà, tí o ti Ìlọrin wá wo ojú ẹni tó ba ayé bàbá rẹ jẹ́, mi ò ní kí o jókòó. Bí ìdúró bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dúró. Bí mo bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ fún mi lómi, ẹ má jẹ́ kí n sùn lọ. Ẹ má jẹ́ kí n kú kí n tó débi tó burú jù, torí òun gan-an ni mo fi pè yín.

Gbogbo yín ló mọ̀ pé Ilésanmí ni àbúrò mi, ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ oyè yẹn ti dùn mí tó. Nígbà tí oyè ilé wa ṣí sílẹ̀, èmi ni àgbà, èmi ni mò ń gbé ilé, tí mò ń tún òrùlé ṣe, tí mò ń sin òkú. Òun wà ní Ìlọrin lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n jíròrò, wọ́n ní Ilésanmí ni kó jẹ ẹ́. Wọ́n ní èmi ti le jù, wọ́n ní ẹnu mi mú. Ilésanmí fúnra rẹ̀ wá bá mi nínú yàrá yìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ní kí n má jẹ ẹ́, mi ò ní jẹ ẹ́." Mo fà á dìde, mo dì mọ́ ọn, mo ní, "Jẹ ẹ́, àbúrò mi. Oyè rẹ, oyè mi ni." Irọ́ ni. Eyín mi ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń hó. Ẹ máa ka irọ́ mi bí mo ti ń sọ ọ́, àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ mọ àṣà ilé wa. Ẹni tó bá jẹ oyè, ẹṣin ni yóò gùn láti ojúlé wa dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ kó tó débẹ̀, wọ́n á ní oyè náà kọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi ṣe ẹlẹ́yà títí wọn óò fi sin ín. Issa tó jókòó yìí ló ní ẹṣin, ṣùgbọ́n gàárì ọwọ́ rẹ̀ ti gbó, àlùkẹ́mbù kan tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ti já kúrò lára rẹ̀. Ìdílé wá dáwó pé kí á ra gàárì tuntun, kó di ti ilé wa títí ayé. Èmi ni wọ́n fún lówó. Mo gun ọ̀kadà, mo gba Ìdọ̀fin, mo dé Ìlọ́fà, mo lọ bá Dáúdà.

Alameen, bí mo bá ṣi bàbá rẹ sọ, dá mi lóhùn. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ti lé lógún ọdún tó ti ń rán awọ ní Ìlọ́fà: bàtà, àpò, okùn màlúù, àti gàárì pẹ̀lú ìjánu fún àwọn tó ń gun ẹṣin ní Ìlọrin lásìkò Iléyá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí ìyàwó mi kú, òun ló wá jókòó tì mí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀, nígbà tí àwọn ará ìjọ mi ń ka ẹsẹ Bíbélì sí mi létí bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ó ta gàárì pupa kan fún mi, awọ rẹ̀ ń dán, wọ́n fi òwú funfun ṣe ọnà sí i lára. Mo gbé e wálé lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì, ẹ̀yin lẹ wọ́n omi sí i, tí ẹ pe orúkọ Ọlọ́run lé e lórí níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ sì mọ òfin wa: ohun tí a bá ti gbàdúrà lé lórí kì í padà sọ́jà. Ṣé ẹ rántí obìnrin tó dá ẹ̀rọ ìránṣọ padà fún ẹni tó tà á lẹ́yìn tí a ti gbàdúrà sí i? Ọdún kan ló fi jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Èmi gan-an ni mo ní kó lọ jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú epo àgbọn, mo ní kí n fi pa awọ gàárì náà. Bí mo ti ń fọwọ́ kàn án káàkiri ni mo dé ibi ọ̀já tó ń gba abẹ́ ikùn ẹṣin kọjá, tó ń di gàárì mú. Òrùka irin ló so ọ̀já náà mọ́ gàárì. Òrùka náà ti sán. Sísán náà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tí kò fọwọ́ wá a kò lè rí i. Mo di gàárì náà sínú àpò ìrẹsì kí ẹnikẹ́ni má rí i, mo padà sí Ìlọ́fà lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tí mo fi òrùka náà han Dáúdà, ó ní, "Subhanallah!" ó sì gbé ọwọ́ lé orí. Ẹ gbọ́ o, kò bá mi jiyàn. Kò ní èmi ni mo bà á jẹ́, kò ní ọjà tí a bá ti tà kì í padà, bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti máa ń sọ. Ó ní, "Alàgbà, ẹni tó ta irin fún mi ló rẹ́ mi jẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló rán an. Ẹ ò ní gbé àléébù ọjà mi lọ sílé." Ó wọlé, ó kó owó mi jáde, gbogbo rẹ̀ láìyọ kọ́bọ̀. Ó ní òun ò ní òrùka mìíràn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí onírin tó tún wá, kí n lọ tún àlùkẹ́mbù gàárì àtijọ́ Issa ṣe, pé ìyẹn á gbé àbúrò mi dé ṣọ́ọ̀ṣì láyọ̀. Ó wá na ọwọ́ kó gba gàárì náà lọ́wọ́ mi. Mo dì í mú. Mo ní, "Dáúdà, mi ò lè fi sílẹ̀. A ti gbàdúrà lé e lórí. Bí mo bá délé láìsí i, wọ́n á bi mí, ìjọ á sì bá mi wí." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ohun tí ẹ ti pe orúkọ Ọlọ́run lé lórí, èmi ta ni tí màá fi bá yín fà á? Ẹ gbé e lọ, kí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi pé ẹnikẹ́ni ò ní gùn ún." Mo búra. Mo na ọwọ́ sókè, mo búra.

Dáúdà ò lọ sílé ìwé aláábídí, ilé kéwú ló lọ. Ó mú ìwé méjì àti báírò, ó fi lẹ́tà kéwú kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú méjèèjì. Ó fi báírò kun àtàǹpàkò mi, mo tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé méjèèjì, òun náà tẹ tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín kí ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀." Mo ní, "Má ṣèyọnu, owó ni, ṣé kì í ṣe owó ni? Mo ti gbà á." Mò ń kánjú. Ó fún mi ní ọ̀kan, ó ki ọ̀kan bọ àpò. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti wọ ọ̀kadà, ó ní kí n bá òun kí Ilésanmí kú oríire.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá délé lọ́jọ́ yẹn tí mo sọ pé gàárì sán, pé owó rèé, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Èmi náà á lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀. Ó parí. Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn lásán ni o! Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà ti ń gbé mi lọ, owó wà lápò mi, gàárì wà lórí itan mi, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ pé méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi lọ sórí agogo. Ẹ rántí pé rímù ọkọ̀ ńlá ni à ń so mọ́ igi, tí à ń fi irin lù, láti pe èèyàn sí ìsìn nígbà náà. Mo ní, lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú máa pé jọ láti yẹ́ Ilésanmí sí, wọ́n á pe orúkọ tèmi náà. Ọjọ́ kejì mo lọ sí Ìlọrin, mo fi owó gàárì ra agogo idẹ, mo ní kí wọ́n fín orúkọ mi sí i lára. Ebi ò pa mí. Ara ọmọ mi yá. Ẹ má ṣe wá àwáwí fún mi níbi tí mi ò ní in.

Mo mọ̀ pé òrùka náà ò lè dúró bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ bá wẹ́dà, wọ́n ní ó lọ ṣiṣẹ́ ní Erúkù, pé lọ́la ni yóò dé. Mo lè dúró de ọ̀la. Mi ò dúró. Mo gé awọ lára àpò mi àtijọ́, mo fi wé òrùka náà yí po, mo rán an, mo fi àwọ̀ pupa kùn ún títí tó fi jọra. Bí mo ti ń rán an ni nǹkan kan ń sọ nínú mi pé yóò já. Mo gbọ́ ọ. Nǹkan mìíràn sì dáhùn pé, bó bá já ńkọ́? Yóò ṣubú, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, aṣọ oyè á dọ̀tí, wọ́n á sì ní ká ní Ẹkúndayọ̀ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Mi ò fẹ́ kó kú. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò fẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó ṣubú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò tíì jáde lẹ́nu mi rí, òun nìyẹn. Keziah, má tíì sunkún, ó kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́, Issa mú ẹṣin wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀já yẹn wò kó tó gùn ún." Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé o rò pé mi ò mọ gàárì dì ni? Àbúrò mi ni yóò gùn ún o! Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni màá dì í fún un." Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ẹ wo ìfẹ́ ọmọ ìyá. Ilésanmí gun ẹṣin nínú agbádá funfun. Keziah, o jó níwájú rẹ̀ títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ. Èmi ni mo di ìjánu mú. A kọjá iwájú ilé ẹ̀kọ́, a dé ibi gọ́tà ńlá tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan yìí ń yẹ̀ lábẹ́ mi o. Ṣé kí n sọ̀?" Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Mo wo òrùka náà. Awọ tí mo wé mọ́ ọn ti la ẹnu. Ká ní mo ní sọ̀, yóò sọ̀. Mo ní, "Má sọ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi ilé wa ṣe yẹ̀yẹ́ ni? A ti dé tán." Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ lórí ẹṣin nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Ẹni tó wà nídìí agogo rí wa lókèèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú bí mo ti ní kó ṣe. Ẹṣin yẹn ò gbọ́ agogo rí láyé rẹ̀. Ó fò sókè. Ìjánu já mọ́ mi lọ́wọ́, òrùka já, gàárì yí lọ sábẹ́ ikùn ẹṣin, Ilésanmí fi orí lu etí gọ́tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sínú àlùkẹ́mbù, ẹṣin sì wọ́ ọ lọ kí Issa tó dá a dúró. Gbogbo ènìyàn ń ké. Ẹni tó ń lu agogo ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣì ń lù ú. Ó lù ú títí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Lọ́jọ́ kejì, ó lajú, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló já?" Ẹ wò ó, ẹni tó ń kú lọ ló bi mí ní ìbéèrè, kò tún sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo ní, "Iṣẹ́ Dáúdà ni. Irin burúkú ló fi rán an." Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní nǹkan o. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣe é." Mo ní ó dáa. Keziah, iṣẹ́ tí ọkọ rẹ rán mi sí yín nìyẹn, lónìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ẹ. Agogo mi ni wọ́n lù nígbà tí a ń gbé e lọ sin.

Ẹ fún mi lómi.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a sin ín ni Dáúdà wá. Ẹnikẹ́ni ò pè é, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Àgbàlá wa kún, àwọn ọ̀dọ́ dúró yí ká, ojú wọn pọ́n, nítorí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé gàárì Dáúdà ló pa àbúrò mi. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó kí Keziah kú ará fẹ́ra kù. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó ní, "Alàgbà, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé mi ò dá owó gàárì yẹn padà fún yín? Ṣé ẹ ò búra fún mi pé ẹnikẹ́ni ò ní gùn ún?" Mo ní, "Owó wo? Dáúdà, ṣé orí rẹ pé?" Ó yà á lẹ́nu débi pé ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wallahi, Alàgbà, ẹ má ṣe mí báyìí." Ó kiwọ́ bọ àpò, ó mú ìwé jáde, ó ní, "Àtàǹpàkò yín rèé. Ẹni tó bá mọ kéwú kó wá kà á."

Ibi tó burú jù la dé yìí. Nínú gbogbo àgbàlá yẹn, àwa ọmọ Aládùúrà, àwọn ará Áńgílíkà, àwọn onítẹ̀bọmi, ta ló mọ kéwú? Issa nìkan. Mo rí i tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, tó na ọwọ́, tó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ìgbà yẹn ni èṣù... rárá o, mi ò ní í ti èṣù síwájú. Èmi ni. Mo já ìwé náà gbà lọ́wọ́ Dáúdà, mo gbé e sókè kí gbogbo wọn rí ohun tí wọn ò lè kà, mo lọgun pé, "Tírà rèé o! Ẹ wá wo irú tírà tó rán sínú gàárì fún àbúrò mi! Ó tún ti gbé òmíràn wá sínú ilé òkú!" Mo mọ̀ pé bí mo bá ti pè é ní tírà, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ fọwọ́ kàn án, ká má tíì sọ pé kó kà á. Ìwé ẹ̀rí owó tí ọ̀rẹ́ mi dá padà fún mi, òun ni mo sọ di oògùn. Àwọn obìnrin figbe ta, wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Iná tí wọ́n fi ń se oúnjẹ àlejò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbàdúrà, alàgbà ni mí, mo mọ àdúrà gbà, mo pe orúkọ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ju ìwé náà sínú iná. Wọ́n kígbe Halelúyà. Wòlíì, ẹ̀yin náà kígbe.

Dáúdà fò sí ìdí iná. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kì bọ inú iná kó lè yọ ìwé náà, kó tó yọ ọ́ jáde, àwọn ọmọ wa ti fi igi lù ú lórí ọwọ́ yẹn. Mo gbọ́ bí egungun ti dún. Ọwọ́ tó fi ń rán awọ ni. Ó ń wò mí láti ilẹ̀, kò bú mi, ó kàn ń sọ pé, "Alàgbà? Alàgbà?" bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé èèyàn wà nínú rẹ̀. Issa, o dúró pẹ̀lú ọwọ́ rẹ nínà sílẹ̀, o ò sọ̀rọ̀. Mi ò dá ọ lẹ́bi. Ká ní o sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ náà ni wọn ì bá lù. Ní ọ̀sán yẹn kan náà ni wọ́n wa ọ̀kadà lọ sí Ìlọ́fà, wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká, wọ́n kó awọ rẹ̀ sójú títì, wọ́n dáná sun ún. Mo lè dá wọn dúró. Mo jókòó, mò ń gba ìkíni.

Alameen, o mọ èyí tó kù jù mí lọ. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ, Salamot, ló ń bọ́ ilé láti ìgbà náà, pé ọwọ́ yẹn ò ṣe é di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Mo gbọ́ pé nígbà tí bàbá rẹ kú lásìkò ààwẹ̀ tó kọjá, àwọn kan láti ìhà ibí ṣì ń pè é ní apànìyàn. Èmi ńkọ́? Wọ́n sọ mí ní Bàbá Alágogo. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń jókòó síwájú, tí wọ́n á lu ohun tí mo fi owó yẹn rà.

Keziah, gbé ìrọ̀rí yìí sókè. Wo abẹ́ rẹ̀. Ìwé tó ká yẹn, òun ni èkejì, èyí tí Dáúdà fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e dé ìdí iná tí mo sì tún gbé e padà, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún mi rí, torí ẹni tó bá kà á ti di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Alameen, gbà á. Ṣé o mọ ọwọ́ bàbá rẹ? Kà á sókè, kí wọ́n gbọ́ pé ó dá owó mi padà, kí wọ́n gbọ́ pé kò purọ́. Má fo ohunkóhun.

"Ní orúkọ Ọlọ́run. Èmi Dáúdà oníṣẹ́ awọ ní Ìlọ́fà, mo dá owó gàárì padà fún Alàgbà Ẹkúndayọ̀ ará Ọ̀sì, ó pé. Àléébù wà lára irin rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bí àwọn ará ìjọ rẹ̀ bá fẹ́ bá a wí nítorí pé ó gba owó ohun àdúrà padà, kí wọ́n má bá a wí, èmi ni kí wọ́n bá wí. Òun ló rí àléébù náà kí ó tó pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀rẹ́ mi ni. Kí Ọlọ́run san án fún un."

Tún un kà. Ibi tó ti ní kí wọ́n má bá mi wí. Tún un kà.

Ó ti tó. Ó fẹ́ kà á fún mi lọ́jọ́ yẹn, mo ní mò ń kánjú. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi: ẹ̀bẹ̀ tó bá mi bẹ̀ yín ni mo sun níná, torí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ìwé yẹn ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ ohun tí mò ń bẹ̀rù, ká ní mo ní sùúrù kó kà á tán. Kí Ọlọ́run san án fún mi, àbí? Ó ń san án.

Keziah, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí, mi ò tíì jìyà tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo rí yín, àwọn kan nínú yín ló mú igi lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹ ò bá lè kà, ẹ má sun ún. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa kà á fún yín. Wòlíì, kí ẹ tó gbé mi wọlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé yìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì níwájú gbogbo ìjọ, bí ẹ ti gbàdúrà sí gàárì níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ má lu agogo yẹn fún mi. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ tà á, kí owó rẹ̀ lọ bá Salamot, owó ọkọ rẹ̀ ni. Rímù àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nínú koríko, mo rí i lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ lu nǹkan, ẹ lu ìyẹn. Bí ẹ ò bá sì lu nǹkan kan rárá, n ò ní bínú.

Alameen, o ń lọ? Má fi ìwé náà sílẹ̀ lórí àyà mi, mú un dání, tìrẹ ni, mo ti dá a padà. Ẹ má dá a dúró, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ilẹ̀kùn ò tì.